Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀la Lẹ DNA Pọ̀

Ẹ bá mi kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀la, Arí-dígí-dúró, Afẹnu-yege-kí-ìdánwò-tó-dé. Kò tíì yege bàòlójì rí nílé-ìwé ìrọ̀lẹ́, àmọ́ kóòtù funfun ló ń wọ̀ lọ gẹrun. Àgbá òfìfo ló ń pariwo. Tiẹ̀ tún ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Àǹtí tó ń kọ́ wọn ní bàòlójì ti sọ ọ́: ẹni tó bá mọ àwòṣe DNA, tó sì fi hàn bó ṣe ń sọ ara rẹ̀ di méjì, ló máa gba iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní yàrá ìwádìí. Iṣẹ́ yẹn wu Jẹ́jẹ́, àbúrò Ọ̀jọ̀gbọ́n, débi pé ó ń lá a lálàá. Kíláàsì kan náà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò wà, àwòṣe kan ni wọ́n sì jọ fẹ́ ṣe.

Jẹ́jẹ́ lọ́ wáyà méjì bí àkàbà tí wọ́n lọ́ bí okùn. Ó to ìlẹ̀kẹ̀ tó dúró fún lẹ́tà mẹ́rin DNA sí i: A kọjú sí T, G kọjú sí C. Ìkọ́ wẹ́wẹ́ ló fi so wọ́n láàárín, torí ibẹ̀ ni DNA ti máa ń là, kí ìhà kọ̀ọ̀kan lè wá ẹnìkejì tuntun.

Ẹ̀gbọ́n ń kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára páálí. Ó bojú wo ìkọ́, ó yínmú.

"Kí lèyí tó ń mì bí eyín arúgbó?"

"Bùọ̀dá mi, ẹ má fọwọ́ kan àárín o. Ó gbọ́dọ̀ tú ni."

"Tú kẹ̀? Ohun tí mo bá so, títí ayé ni."

Bí Jẹ́jẹ́ ṣe jáde báyìí, bùọ̀dá da gọ́ọ̀mù líle sí gbogbo ìkọ́, ó fi fáníìṣì kùn ún, ó dán gbinrin. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ rí i, ọkàn rẹ̀ já. Àmọ́ ta ló máa bá ẹ̀gbọ́n fa wàhálà?

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé jókòó síwájú, ó ń mu tíì. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé àwòṣe wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ta ló bá ọ ṣe é?" Àǹtí bi í.

"Èmi nìkan ni, mà. Àbúrò mi kàn ń wò mí ni."

Omi lé ròrò sójú Jẹ́jẹ́.

"Ó dáa. Là á, ká rí bó ṣe ń di méjì."

Bùọ̀dá fà á, kò là. Ó fẹsẹ̀ ti tábìlì, ó tún fà á. Òógùn bò ó.

"Ó ń sinmi ni, mà."

"Bí DNA rẹ bá ń sinmi báyìí, báwo lo ṣe wá dàgbà?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti bùọ̀dá, ló bá kó gbogbo agbára ẹ̀ jọ. Wáyà já pàù, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká, ọ̀kan bọ́ sínú tíì ọ̀gá, Ọ̀jọ̀gbọ́n fìdí jálẹ̀. Àárín ṣì lẹ̀ gbagidi.

"Àwa méjèèjì la jọ ṣe é, mà," ló ń wí nílẹ̀. "Jẹ́jẹ́ gan-an ló ṣe púpọ̀ jù."

"A ti gbọ́," Àǹtí wí. "Jẹ́jẹ́, kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ ki ìka ọwọ́ méjèèjì bọnú ara wọn, ó rọra là wọ́n. "Lẹ́tà A á pe T tuntun, G á pe C tuntun, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹyọ kan ti di méjì nìyẹn, mà."

Ọ̀gá fi ṣíbí yọ ìlẹ̀kẹ̀ nínú tíì rẹ̀. "Ojú ẹsẹ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," ló wí. "Kó kọ́kọ́ mójú tó ẹni tó máa ṣa ìlẹ̀kẹ̀ ilẹ̀ yìí."

Kóòtù funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rákò láàárín ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan ṣì wà lábẹ́ àga yẹn."