Oníwáyà Tí Wọ́n Kàn Mọ́ Inú Àjà

Àwa márùn-ún la wà nínú ilé onípákó náà lọ́jọ́ yẹn: èmi, àbúrò mi ọkùnrin tó ń kọ́lé, ìyàwó rẹ̀, káfíńtà, àti olùyẹ̀wò ilé tí ìjọba rán wá. Oníwáyà ni ẹnì kẹfà, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Olùyẹ̀wò yìí ló máa buwọ́ lùwé kí wọ́n tó lè kó wọlé. Onílé tí àbúrò mi ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ti ní kó kó jáde ní Sátidé. Bí ìwé ò bá jáde, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀, tọkọ taya tọmọ márùn-ún. O ò mọ bí àbúrò mi ṣe ń hanrun. Àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù a máa jó sí i!

Mo ti ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀.

Olùyẹ̀wò wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Wáyà dà?"

Káfíńtà gbáyà síwájú. "Ó wà nínú ògiri, ọ̀gá. Mo ti fi pákó bò ó. Ẹ wo bó ṣe ń dán!"

"Ta ló ní kí ẹ bò ó? Ojú mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i! Bí ìṣó bá gún wáyà nínú ilé onígi ńkọ́? Ṣé inú eérú lẹ fẹ́ máa gbé?"

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo ní kó tètè parí ẹ̀ kó lè wù yín ni."

"Ẹ pe oníwáyà wá."

"Àtàárọ̀ la ti ń wá a, sà," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Àfi fííín! Fííín! Fííín! Agogo tó ń ké bó bá gbóòórùn èéfín ló figbe ta lókè.

Gbà! Gbà! Gbà!

"Ẹ gbà mí o! Káfíńtà, o ti kàn mí mọ́ inú àjà!"

"Ṣé ìwọ oníwáyà nìyẹn?" ni káfíńtà bi í.

"Rárá, ológbò ni!"

Ẹ̀rín ń pa mí!

"Kí lò ń jó níbẹ̀?" ni olùyẹ̀wò kígbe.

"Sìgá ni, sà! Oorun ló gbé mi lọ. Mo jí, mi ò rọ́nà jáde, ni mo bá tanná sí i kí ọkàn mi lè balẹ̀!"

Àbúrò mi ní, "Ọ̀gá, ṣebí ó kúkú wà níbẹ̀. Ẹ bi í bí wáyà ṣe wà."

"Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò gba ẹ̀rí lẹ́nu àjà rí!"

Káfíńtà ń yọ ìṣó, ó ń sunkún. Gbì! Oníwáyà já lé e lórí. Olùyẹ̀wò yọjú sínú àjà: ìṣó mẹ́ta ti gún wáyà tó gba ibẹ̀ wọ inú ògiri ní àgúnyọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé: "Agogo èéfín ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ tú gbogbo ògiri."

Nígbà tó di Sátidé, mo délé, mo bá àbúrò mi lẹ́nu ọ̀nà, mátíréèsì lórí.

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Pẹ̀lẹ́ńgẹ́, ọmọ ọmọ mi, wọn ò tíì bí ìyá rẹ nígbà náà. Lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, kí o sọ fún bàbá tó wà níbẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ti pé.