Ọba-Omi Mú Ẹja Ńlá

Ọba-Omi ni alága ìjọba ìbílẹ̀ wa pe ara rẹ̀. Ọba-Omi, ọkọ ẹja, ọ̀nì tí kò lè lúwẹ̀ẹ́! Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n dí odò, tí odò di adágún ńlá, ṣùgbọ́n tó bá rí àlejò báyìí, "Adágún tí mo gbẹ́ nìyí!" Ìyàwó rẹ̀ á wo òkè.

Nígbà tó ra ọkọ̀ ojú omi asáré tete fún àwọn tó ń wá gbafẹ́, ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí í há sẹ́nu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àwọn apẹja ló so wọ́n mọ́ òkúta, tí wọ́n rì wọ́n sísàlẹ̀ kí ẹja lè rí ibi yé ẹyin sí.

"Ẹ hú gbogbo ẹ̀ kúrò!" ni alága pàṣẹ. "Kí lẹja ń fi ilé ṣe? Ṣó fẹ́ gbéyàwó ni?"

"Àna, tígi bá lọ, ẹja á lọ," ni olórí apẹja, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, wí. "Kí la ó wá máa jẹ?"

"Ẹ pàdé mi ní Sátidé. Tí mo bá fa ẹja ńlá jáde níbi tí ò sígi, igi ń lọ nìyẹn."

Àyà ìyàwó já nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó bá ẹja ràgàjì kan nínú ọ̀rá nínú fíríìjì. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ahun lọkọ rẹ̀. Ó kó ìfun rẹ̀ jáde, ó fi iyọ̀ pa á lára, ó ki àlùbọ́sà sí i níkùn, ó fi òwú rán an, ó dá a padà sínú ọ̀rá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò rí ẹja, kò rí ọkọ.

Ó sáré dé etí adágún. Alága ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹ̀yìn kọ́nà bọ̀ nínú ọkọ̀, ó fi ọwọ́ kan di ọkọ̀ mú nítorí ẹ̀rù omi, ó fi èkejì gbé ẹja sókè. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó dorí kodò.

Ni òwú bá já. Àlùbọ́sà dà sílẹ̀.

"Àna," ni olórí apẹja wí, "ẹja yìí ti múra ọbẹ̀ kó tó jáde nílé o."

"Ohun tó jẹ ni! Ẹja inú adágún mi ń jẹ àlùbọ́sà!"

"Ṣó tún ń ránṣọ ni?" Ẹnì kan ti fa òwú náà sókè. Ẹ̀rín sọ, àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Olórí apẹja béèrè ta ló fẹ́ kígi kúrò. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló gòkè, kò sì pẹ́ tó fi sọ̀ kalẹ̀. Ta ló fẹ́ kó wà? Ìyàwó alága ló kọ́kọ́ nawọ́.

"Ìwọ náà?"

"Olówó orí mi, ẹ jẹ́ n gba ẹja mi. Mi ò tíì fi ata sí i."