Ajẹwé Wọ Ilé Àna

Ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣèwádìí kòkòrò lọ tọrọ ìyàwó, ó kí bàbá ọmọbìnrin náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá ọmọ, télọ̀ ni, kò tilẹ̀ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Jókòó. Kí niṣẹ́ ẹ?"

"Kòkòrò ajẹwé ni mò ń wádìí, sà."

Gàràgàràgàrà! Ẹ̀rọ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Télọ̀ mi orí bí ẹni tó gbọ́.

"Irú ẹ̀dá wo ni bàbá ẹ?"

Gàràgàrà! Ẹ̀rọ tún gbé "bàbá ẹ" mì. Inú ọ̀dọ́mọkùnrin dùn: àna ń béèrè kòkòrò òun!

"Háà, ó ń dán gbinrin, sà! Bíi bàtà tuntun!"

"Ó pá lórí ni? Kò burú. Ilé ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò nílé kan pàtó, sà. Ibi tó bá ti róúnjẹ ló ń sùn. Bó bá jẹ ti ibí run, á kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò."

Télọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Kí ló tilẹ̀ ń wá kiri?"

"Ẹ̀wà, sà."

"Ẹwà obìnrin! Àgbà bẹ́ẹ̀?"

"Bó ṣe ń dàgbà ló ń le sí i, sà. Bẹ́ ẹ bá lé e lọ́sàn-án, á padà wá nírọ̀lẹ́."

"Ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ló máa jọ! Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Ìyá ẹ̀ kẹ̀? Ìyẹn yé ẹyin sínú ilẹ̀, ó fò lọ."

Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ télọ̀.

"Ìyá tó bí ẹ lọ́mọ, ló yé ẹyin?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Rárá o, sà! Kòkòrò ni mò ń sọ! Ewé ẹ̀wà ló ń jẹ, àti ewé ilá. Èmi á jókòó tì í, màá máa wò ó. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bàbá mi ń bẹ nílé jẹ́jẹ́, ìyá mi ò yé nǹkan kan!"

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi fi aṣọ oníbàárà nu ojú. Lójijì, ó yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Kòkòrò á máa jẹun, ìwọ á máa wò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n á sì sanwó oṣù fún ẹ?"

"Wọ́n ń san án, sà."

Télọ̀ wo òkìtì aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi ti di tìẹ. Ó ku èmi: ṣé wọ́n ṣì ń gba àgbàlagbà síbẹ̀?"