Sùtánà Lábẹ́ Ẹ́ńjìnnì

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, ọdún 2025, ni ẹjọ́ sùtánà kan àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Akínwándé ní ẹ̀yìn Ìbá. Ààfin náà kò ju gbọ̀ngàn kan lọ, àga oníke méjìlá, àti fáànù kan tó máa ń yí bí iná bá wà. Iná kò sí lọ́jọ́ náà.

Beatrice, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Tófúnmi, ló pẹjọ́. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìyà kan tó jẹ rí tí kò rántí ọjọ́ rẹ̀. Dúrósinmí, tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, ni ó pè lẹ́jọ́. Dúrósinmí ló gbé sùtánà ọ̀hún wọlé. Ó fi háńgà kọ́ ọ, ó sì ń gbé e jìnnà sí ara bí ẹni gbé dígí.

"Ta ló ni aṣọ?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Èmi ni, Bàbá," Beatrice dáhùn.

"Kí ló dé tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn?"

"Láti àná ni mo ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́."

"Ó ní o ò gbọdọ̀ fọ aṣọ ara rẹ?"

"Ó ní bí mo bá fọ̀ ọ́, mo ti fọ àìsàn ọkọ̀ òun nù."

Ọ̀tún Àsánì, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Baálẹ̀, gbé orí sókè. Awakọ̀ tánkà ni kó tó fẹ̀yìn tì, bí ẹjọ́ kò bá ní ọkọ̀ nínú, kì í pẹ́ kó tó sùn lọ níbẹ̀.

"Rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀," Baálẹ̀ ní.

"Ọdún 2016, oṣù Kẹjọ, ni mo rán aṣọ yẹn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ kí n tó rówó ẹ̀ kó jọ. Bàtà mi já ní ọjọ́ kẹrin, mo fi wáyà so ó. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á lọ́wọ́ télọ̀, nǹkan kan ò ta sí i rí. Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa fòróró yàn mí ní ìjọ wa. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dúró dè é. A kì í wọ aṣọ tó lábàwọ́n síwájú pẹpẹ. Mo fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àná, mo fi búlúù sí i, mo sá a, mo lọ ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́rin ni mo dé. Mi ò rí i lórí okùn. Ìgbà tí mo wo ọ̀dọ̀ ọkọ̀ Bùrọ́dà Dúró, mo rí apá aṣọ mi kan tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, bí apá ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo ti sáré pe àwọn ará ilé, mo ní ọkọ̀ ti tẹ ẹnì kan nínú ìjọ wa."

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Beatrice kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí wọ́n fi ṣe tán.

"Dúrósinmí, wá sọ tẹnu rẹ."

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí..."

"Baálẹ̀ ni mí. N kò dé adé. Má fi oyè tí n kò jẹ tù mí lójú."

"Ẹ má bínú, Baálẹ̀. Ọkọ̀ mi ń jò. Láti oṣù Kejìlá ló ti ń jò. Mo gbé e lọ fún Mùtíù mẹ́káníìkì. Mùtíù ní ká kọ́kọ́ pààrọ̀ síìlì, ká wò ó. A pààrọ̀ ẹ̀, ó ń jò. Ó ní ká pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ká wò ó. A pààrọ̀ ẹ̀, ó ń jò. Ó wá ní ká sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pátápátá, ká wò ó. Mo ní wíwò yẹn ti tó, èmi fúnra mi máa wò ó nílé."

"Báwo lo ṣe wò ó?"

"Mo wo fídíò kan lórí fóònù. Wọ́n ní kí n tẹ́ nǹkan funfun sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí n tan ọkọ̀, kí n jẹ́ kó máa kán. Àwọ̀ tó bá kán sílẹ̀ ló máa sọ ohun tó ń jò, ibi tó bá kán sí ló máa sọ ibi tó ti ń jò. Mo kọ́kọ́ tẹ́ páálí. Àwọ̀ páálí ò jẹ́ kí n mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn. Fáànù rédíétọ̀ fẹ́ ẹ wọ ilé kejì. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wá rí aṣọ funfun yìí. Ó gùn, ó fẹ̀, ó tún lápá méjì. Apá kan dé táyà ọ̀tún, apá kejì dé táyà òsì. Àfi bíi pé télọ̀ wọn ọkọ̀ mi kó tó rán an."

"O ò mọ̀ pé aṣọ ìjọ ni?"

"Mo mọ̀, Baálẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n mú un gan-an nìyẹn. Aṣọ tí wọ́n fi ń ríran ni. Gbogbo ìgbà ni Màmá Tófúnmi ń ríran sí wa nínú ilé. Wọ́n rí i pé lándílọ́ọ̀dù máa rìnrìn-àjò, lándílọ́ọ̀dù sì rìnrìn-àjò. Mo ní kí aṣọ yẹn bá mi wo inú ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan péré."

"Mi ò ríran sí ẹnikẹ́ni," Beatrice ní. "Lándílọ́ọ̀dù ló sọ fún mi pé òun ń lọ sí Abẹ́òkúta."

"Ṣé aṣọ náà rí nǹkan?" Ọ̀tún bèèrè. Ara rẹ̀ ti yá gágá.

"Ó rí i, Bàbá. Ẹ wò ó." Dúrósinmí yí háńgà po. Pupa wà ní ẹ̀gbẹ́ kan àyà aṣọ náà. Dúdú wà níbi ikùn. Nígbà tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn, wọ́n rí àwọ̀ ewé kan ní èjìká.

Beatrice na ọrùn wò ó. Kò tíì rí ti ẹ̀yìn yẹn tẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò jẹ́ kó fọ̀ ọ́?"

"Mùtíù ò tíì kà á, Baálẹ̀. Ṣé wọ́n máa ń fọ èsì àyẹ̀wò kí dókítà tó wò ó ni?"

Wọ́n pe Mùtíù. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó sì ka aṣọ náà bí ẹni ka lẹ́tà ìjọba.

"Dúdú yìí, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Pupa yìí, ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe tẹ́ aṣọ. Bó bá ṣe pé bọ́ńpà ni ọrùn aṣọ kọjú sí, ọ́ìlì sítíárìn ni. Bó bá ṣe pé inú mọ́tò ló kọjú sí, ọ́ìlì gíà ni, ìyẹn sì le. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé yìí lẹ̀rù ń bà mí fún. Omi rédíétọ̀ ni. Rédíétọ̀ ti lu. Ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ká wò ó."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́," Dúrósinmí ní. "Ká wò ó."

"Dúrósinmí, ibo lo kọ ọrùn aṣọ sí?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Mi ò rántí. Màmá Tófúnmi wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń pariwo, mo kàn fà á yọ ni."

"Mo rántí," obìnrin kan ní láti ẹ̀yìn. Tàíbátù ni, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Beatrice. Híjáàbù tuntun kan ló bò ó títí dé ìgbọ̀nwọ́. "Ọrùn aṣọ kọjú sí gétì."

"Ibo ni ojú ọkọ̀ kọ sí?"

"Ó kọjú sí kíṣíìnì."

"Ọkọ̀ mi kọjú sí gétì," Dúrósinmí ní.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọrùn aṣọ ló kọjú sí kíṣíìnì."

"Tàíbátù," Baálẹ̀ ní, "níbo lo wà nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀?"

"Mo wà ní Òkókómáíkò, Bàbá. Mo lọ rajà."

"Báwo lo ṣe wá rí i?"

"Mi ò rí i. Wọ́n ròyìn ẹ̀ fún mi ni. Ẹni tó sì ròyìn ẹ̀ kì í parọ́."

"Ta ni?"

"Bùrọ́dà Dúró."

"Èmi tí mo ní mi ò rántí?"

"Ẹ ní ẹ ò rántí. Ìyẹn ni mo ṣe bá yín rántí ẹ̀."

Ọ̀tún Àsánì bo ẹnu. Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé aṣọ náà wá, ó gbé e lé orúnkún, ó yí iwájú, ó yí ẹ̀yìn.

"Mùtíù, iwájú aṣọ ló kọjú sí ẹ́ńjìnnì, àbí ẹ̀yìn?"

"Iwájú ni, Bàbá. Pupa àti dúdú ló fi hàn."

"Àwọ̀ ewé yìí wà lẹ́yìn nìkan. Kò yọ sí iwájú. Ṣé inú ilẹ̀ ni rédíétọ̀ wà tó fi ń jò sókè ni?"

Mùtíù ronú sí i. "Ó ṣòro díẹ̀," ó ní.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wa tánkà," Ọ̀tún ní. "Kò jò sókè rí."

Baálẹ̀ ò wo Mùtíù mọ́. Híjáàbù Tàíbátù ló ń wò. Àwọ̀ ewé ni híjáàbù náà. Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá ń bá a wò ó.

"Tàíbátù, híjáàbù yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó ti pẹ́ gan-an, Bàbá."

"Ìgbà wo lo rà á?"

"Mọ́ńdè."

"Ìgbà wo lo fọ̀ ọ́?"

Tàíbátù wo ilẹ̀. "Àná, kí n tó lọ sí Òkókómáíkò. Okùn mi ti kún. Mo bá sá a sórí okùn Màmá Tófúnmi. Àṣé àwọ̀ ẹ̀ ń ṣí, ó ń ro sára sùtánà. Àánú sùtánà ṣe mí. Mo bá gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sórí okùn Bùrọ́dà Dúró, kó má bàa bàjẹ́."

Dúrósinmí fò dìde. Nínú ilé wọn, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní okùn tirẹ̀, ẹnìkan kì í fọwọ́ kan aṣọ orí okùn ẹnìkejì.

"Ẹ gbọ́, Baálẹ̀. Orí okùn mi ló wà. Ọwọ́ mi ò kọjá ààlà. Àbàwọ́n mẹ́ta ló sì wà lára ẹ̀, méjì péré ni tèmi."

"Ìyàwó Ọ̀tún jókòó sórí àga mi láàárọ̀ yìí," Baálẹ̀ ní. "Ṣé kí n mú un wọlé ni?"

Dúrósinmí jókòó. Ọ̀tún ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Beatrice sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. "Bàbá, Sọ́ńdè ni ti èmi. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù."

Baálẹ̀ mi orí. Òun àti àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí etí ara wọn, ó sì kọjú sí wọn.

"Ẹ gbọ́ bí a ṣe dá a. Dúrósinmí, o ní aṣọ yìí ń ríran. Mo gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n kò lè ríran láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Wàá wọ̀ ọ́."

"Kí n wọ̀ ọ́?"

"Wàá wọ̀ ọ́, wàá dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ rẹ. Wọn á tan ẹ́ńjìnnì. Bí pupa bá kán sórí pupa, tí dúdú kán sórí dúdú, a ti mọ ibi tí ọrùn aṣọ kọjú sí. Bí kò bá bá ara mu, wàá yí orí síbi ẹsẹ̀, wàá dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá ta ọ́ lára, ẹ́ńjìnnì tìrẹ ni."

Beatrice nawọ́ sókè. "Bàbá, kì í ṣe ará ìjọ wa. Wọn kì í ṣàdédé wọ̀ ọ́."

"Ọkọ̀ ti wọ̀ ọ́ ṣáájú ẹ̀. Ìjọ wo lọkọ̀ ń lọ?"

Beatrice rò ó wò. Ó rántí bàtà tó já àti wáyà. "Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n a kì í wọ bàtà pẹ̀lú ẹ̀."

"O gbọ́, Dúrósinmí. Bọ́ bàtà rẹ síbí. Láti ààfin dé ilé, ẹsẹ̀ lásán. Tàíbátù, ìwọ tó mọ ohun tí o ò rí, wàá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wàá máa ka iye ìgbà tó bá kán, kó lè jẹ́ pé ohun tí o fojú rí lo sọ lẹ́ẹ̀kan. Mùtíù, láti òní lọ, ìgbàkígbà tí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò yìí pé ká wò ó, tí o ò tíì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó, wàá wá gbá iwájú ààfin. Sùtánà tuntun gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ Màmá Tófúnmi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Dúrósinmí ni yóò ra aṣọ, Tàíbátù ni yóò gbé e lọ fún télọ̀ tí yóò sì jókòó tì í títí yóò fi rán an tán. Ó parí."

Aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n jáde. Títì gbóná. Dúrósinmí ń gbé ẹsẹ̀ bí àkùkọ nínú sùtánà tó kúrú sí i, Beatrice ń tẹ̀ lé e. Àwọn ọlọ́kadà dẹwọ́ ìrìn láti wò ó. Obìnrin kan tó ń ta omi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Wòlíì, ẹ gbàdúrà fún mi." Dúrósinmí wo ojú rẹ̀. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó jò," ó ní. Obìnrin náà ṣe àmín tọkàntọkàn. Beatrice kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́ẹ̀kíní tó dùbúlẹ̀, itan ni pupa ń kán sí. Tàíbátù kà á dé ogún. Ó yí padà, ó kọ orí sí bọ́ńpà. Pupa bọ́ sórí pupa, dúdú bọ́ sórí dúdú. Sítíárìn ni, kì í ṣe gíà. Mùtíù wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ bá a, ó rí kílíìpù kan tó ti tú lẹ́nu hóòsì, ó fi súkúrúdíráfà dè é láàárín ìṣẹ́jú méjì. Dúdú náà, nọ́ọ̀tì kan ni, tí ẹni tó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì gbàgbé láti mú le. Mùtíù mú un le. Ó ku díẹ̀ kó ní ká wò ó, ó rántí ìgbálẹ̀, ó pa ẹnu dé.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ Dúrósinmí kò jò mọ́. Sùtánà tuntun dé láti ọ̀dọ̀ télọ̀ ní Ajangbadi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọrùn rẹ̀ há díẹ̀. Ní Sọ́ńdè, wọ́n fi òróró yan Beatrice.

Ó fọ ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi kẹrosíìnì, ó fi bílíìṣì. Pupa lọ. Àwọ̀ ewé lọ. Dúdú kò lọ. Aṣọ tó rán ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, tó wọ̀ fún ọdún mẹ́jọ àti oṣù méje, kò ṣeé wọ̀ síwájú pẹpẹ mọ́.