Yẹ̀kínnì Kò Kúrò Nípò

Sàlíhù, ọmọ ogun ojú omi tí wọ́n ń pè ní Nẹ́fì, dúró ní ìsọ̀ Yẹ̀kínnì alágbàfọ̀ ní Múṣín, fìlà funfun lórí, aṣọ ìbora nídìí. Ṣòkòtò funfun kan ṣoṣo tó ní ló wà lórí tábìlì. Ọ̀gá wọn fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò ní Àpápá lọ́sàn-án yìí, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá sì gún régé, ọkọ̀ kò ní gbé e lọ sí Gánà.

"Rọra o, Yẹ̀kínnì! Ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú bí abẹ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Yẹ̀kínnì fẹ́ èédú inú áyọ́ọ̀nù, iná ta jáde.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú ọkọ̀ wa báyìí, kí lo máa ṣe?"

"Màá sá."

"Sá lọ síbo? Sínú òkun?"

"Ó dáa, màá ké pe Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ti gbọ́! Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni kò tíì gbọ́. Ẹni tó bá rí iná á pariwo 'Iná!' lẹ́ẹ̀mẹta, á sọ ibi tó wà. Oníkálukú á sáré sí ipò rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ mira àfi tí ọ̀gá bá pàṣẹ. Tí iná bá kú, wọn á jábọ̀: ta ló fara pa, ta la ò rí. Èmi lọ̀gá báyìí. Ó yá, sí ipò rẹ, lẹ́nu ọ̀nà!"

"Ẹ̀gbọ́n, áyọ́ọ̀nù yìí..."

"Mo ní sí ipò rẹ!"

Yẹ̀kínnì fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí ṣòkòtò, ó sáré lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àyà síwájú. Sàlíhù kẹ̀yìn sí tábìlì, ó ń yan.

"Ẹ̀gbọ́n..."

"'Sà' là ń pe ọ̀gá!"

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́..."

"Ṣé mo bi ọ́ ní nǹkan ni?"

"Rárá, sà."

"Panu mọ́ nígbà náà."

Òórùn kan kọ lu imú Sàlíhù. Ó rò pé wọ́n ń sun àgbàdo ládùúgbò.

"Ó yá, jẹ́ ká gbóhùn rẹ."

"Iná! Iná! Iná! Lórí tábìlì!"

"Ó ga o! Ojú rẹ gan-an jọ ti ẹni tó rí iná. Tún un ṣe!"

"Iná! Iná! Iná! Lórí tábìlì, sà! Èéfín ti ń rú!"

"Èéfín! Mi ò tiẹ̀ kọ́ ọ níyẹn!" Inú Sàlíhù dùn dé ìdodo. "Nẹ́fì ló yẹ ọ́, ọmọ yìí. Má mira o. Kí ló ń jó?"

"Ṣòkòtò yín, sà."

Sàlíhù yíjú padà. Ó fò, ìbora bọ́. Nígbà tó fi máa gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ihò tó wà nídìí ṣòkòtò náà gba orí rẹ̀ tòun ti fìlà.

"Yẹ̀kínnì! O dúró, ò ń wò ó!"

"Ẹ ò tíì pàṣẹ, sà."

"Mo gbé! Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ̀gá mi?"

Yẹ̀kínnì kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó tún gbé àyà síwájú.

"Ẹ jábọ̀ fún wọn, sà, pé iná ti kú, ẹnikẹ́ni ò fara pa, ìdí ṣòkòtò nìkan la ò rí."