Barnabas Fi Páànù Yí Ìgbẹ́ Màlúù Ká

Ní Ọ̀rẹ̀, bí ẹ bá rí ọkùnrin tó wọ kóòtù lọ wo màlúù, ẹ má wulẹ̀ bèèrè, Barnabas ni. Màlúù méje péré ló ní, ó ní "Máníjà" ni kí gbogbo ayé máa pe òun. Yàhàyá darandaran rẹ̀ ló ń fún wàrà, Límátù ìyàwó Yàhàyá ló ń kiri i ní gáréèjì. Iṣẹ́ Máníjà ni kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa húkọ́.

Ìgbà ṣọ́jà ni, gbogbo nǹkan wọ́n bí ojú, ajílẹ̀ ìjọba kò sì dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ mọ́. Ẹfúnróyè tó ń dín gàrí lọ́nà Omífunfun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sunkún ní tiwọn. Wọn a sá èèpo ẹ̀gẹ́ gbẹ, wọn a gbé e wá fún màlúù. Ìgbẹ́ màlúù tí Yàhàyá bá kó jọ tó ti jẹrà, wọn a rù ú lọ sóko. Ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀.

Ọjọ́ tí Barnabas gbọ́ iye tí wọ́n ń ta àpò ajílẹ̀ kan, ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó sáré lọ bá Yàhàyá.

"Áà! Owó mi ni wọ́n ń rù lọ yìí! Yàhàyá, títà ni láti òní lọ."

"Ọ̀gá, èèpo wọn ńkọ́?"

"Ṣé èèpo ni mo fẹ́ jẹ ni?"

"Èyí tó wà nílẹ̀ ò tíì jẹrà, Ọ̀gá. Á jó ohun ọ̀gbìn."

"Ẹni tó ni ìgbẹ́ ló ni àgbẹ̀! Kó o wá síwájú ilé mi, kí olè má bàa jí i."

Olè wo? Ẹ bá mi bi í. Ó fi páànù yí i ká, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí i. Ó jókòó tì í láàárọ̀, ó jókòó tì í nírọ̀lẹ́, eṣinṣin nìkan ni oníbàárà tó yọjú.

Ẹfúnróyè dimú kọjá. "Máníjà, ẹ kú ìjókòó o."

Lọ́sẹ̀ kẹta tí èèpo ò wá mọ́, egungun ìhà màlúù ti ṣeé kà. Wàrà tí Límátù ń fi korobá gbé di ti abọ́.

"Ọ̀gá, bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, alápatà la máa pè," Yàhàyá sọ.

Barnabas wo ọ̀nà Omífunfun. Àmọ́ ta ni Máníjà máa bẹ̀?

Ní Sátidé ìmọ́tótó, wolé-wolé àti ṣọ́jà méjì dé. "Ta ló ni ìríra yìí?" Barnabas fẹ́ sẹ́, orúkọ rẹ̀ ń wò ó lára páànù. Wọ́n bọ́ kóòtù lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú gbogbo àdúgbò.

"Bí ilẹ̀ yìí ò bá mọ́ láago méjì, a ó gbé ọ lọ!"

Barnabas ké sí Ẹfúnróyè àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń wòran: "Ẹ̀yin ìyá mi, ọ̀fẹ́ ni o! Ẹ wá kó o!"

Ẹfúnróyè ló fèsì: "Tútù báyìí, tó máa jó ẹ̀gẹ́ wa? Àfi kí ẹ sanwó iṣẹ́ fún wa. Wàrà ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin lẹ sì máa ru apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́."

Barnabas wo ṣọ́jà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ karí. Ẹ̀rín ara rẹ̀ pa á. "Ayé ń sanwó ra ajílẹ̀, èmi ọ̀dẹ̀ Barnabas ń sanwó kí wọ́n lè bá mi kó o dànù!" Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí.

Lóko Ẹfúnróyè, ó da ẹrù sábẹ́ igi kó lè jẹrà. Omi ìgbẹ́ ti rin ín dé àyà. Ohùn rẹ̀ wá kéré.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́... èèpo yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn agbada gàrí mi. Ẹ kó o. Àwọn màlúù ò ṣẹ̀ mí."