Bí Sùnmọ́nù Ṣe Fi Òfì Mú Òbúkọ

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì ọdún 1986, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, òbúkọ kan wọ àgbàlá Sùnmọ́nù ahunṣọ ní ilé Olófì, ní Ìsẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òwú tí ó wà lórí òfì.

Kí a tó sọ bí ogun náà ṣe lọ, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ogun ká mọ́lé. Sùnmọ́nù ọmọ Bùráímọ̀, ọmọ Káríìmù, ọmọ ajókòó-sójú-kan tí aṣọ rẹ̀ rìn dé ààfin méje. Ọmọ ẹni tí ó rí ọdún eéṣú, tí ó rí ọdún ìyàn, tí kò ta igi òfì rẹ̀ fún ẹlẹ́ẹ̀kọ ṣe ìdáná. Àwọn ológun mìíràn a máa lé ọ̀tá wọ igbó. Ọmọ Olófì kì í dìde: ibi tí ó bá jókòó sí, ibẹ̀ ni ọ̀tá yóò wá bá a. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Sùnmọ́nù ti fi tẹ̀ba sórí òfì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun, ojú rẹ̀ òsì kò sì ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí fọ́nrán kan bá já nínú ọ̀ọ́dúnrún, ìka rẹ̀ á mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ̀.

Òwú ọjọ́ náà kì í ṣe òwú ọjà. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran án, tí ó rẹ ẹ́ sínú aró nígbà mẹ́sàn-án, ní ọdún tí àìsàn dá a dúró sílé, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ láìsí iyọ̀. Ó ní kí ọkọ òun fi hun etù tí yóò máa wọ̀ lọ sí yídì. Ó kú kí ọdún náà tó parí. Ọdún mọ́kànlá ni òwú náà fi wà nínú àpótí, nítorí Sùnmọ́nù kò lè fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ tó ṣáájú ogun yìí. Ìwọ̀n agbádá kan péré ni, kò sì sí obìnrin kan tí ó tún ń ranwú ní àdúgbò náà.

Gbogbo ahunṣọ ló mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ ki òwú bọ ẹ̀kọ kí ó lè le. Sùnmọ́nù kì í sì í fi oúnjẹ ṣòfò. Ẹni tí ó bá ti rí ìyàn rí kì í da ẹ̀kọ nù. Èyí tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé fún un láàárọ̀ Àìkú tí kò lè mu tán ni ó ki òwú náà bọ̀. Ṣúgà wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó mú òbúkọ wá nìyẹn: onírùngbọ̀n tí kò kéwú, afòórùn-ṣáájú-ara-rẹ̀-dé, ajèèpo-iṣu-jẹ̀wé-ọmọ-iléèwé, ẹran Ìyá Sẹ̀lí tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Sùnmọ́nù. Òwú nà láti itan ahunṣọ gba àárín àgbàlá kọjá, ogún ìṣísẹ̀ gbáko, títí dé ibi òkúta tí ó fà á le. Orí òkúta náà ni a di ìyókù rẹ̀ sí. Òbúkọ ki ẹnu bọ ìdì náà, ìwo rẹ̀ méjèèjì sì há sínú rẹ̀.

Ìyá Sẹ̀lí yọ, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fẹ́ sáré.

"Ìyá Sẹ̀lí, ẹ dúró síbẹ̀," ni Sùnmọ́nù wí. "Bí ẹran yẹn bá fi sáré báyìí, gbogbo òwú Àwẹ̀ró ló máa fà já."

"Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ má pa á. Ti ìkómọ ni."

"Ta ló ń pa ẹran? Aṣọ ni mo ń hun."

Bí ó bá dìde, òfì tí ó gbé lé itan yóò wó. Bí ó bá ju òkò, òbúkọ yóò sá. Sùnmọ́nù di igi tí ó wà níwájú ikùn rẹ̀ mú, èyí tí a fi ń ká aṣọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Òkúta wọ́ nílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Òbúkọ tẹ̀ lé e, ó ń jẹ. Ó tún ká a. Àwọn balógun kan wà tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta dó ti ìlú. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni ó fa odi ìlú wá bá ara rẹ̀ níbi tí ó jókòó sí? Bí ó bá yára, òwú á já. Bí ó bá rọra, òwú á tán lẹ́nu ọ̀tá. Àárín méjèèjì ni akin náà gbà, òógùn ń kán sórí asà tí a fi ń gbá òwú mọ́ra.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń rọra bọ̀ bí ọkọ ìyàwó," ni Ìyá Sẹ̀lí wí, láìfẹ́ wí i.

Ogún ìṣẹ́jú ni. Nígbà tí irùngbọ̀n òbúkọ dé ibi tí apá gùn mọ, Sùnmọ́nù na ọwọ́ òsì, ó gbá ìwo kan mú. Ó tú fọ́nrán kúrò lára ìwo méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ìka méjì ya ẹnu òbúkọ, ó fa ohun tí ó kù níbẹ̀ jáde, ó sì fa ẹran lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ má fún un lóúnjẹ mọ́ lónìí," ni ó wí. "Ó ti yó."

Nítorí náà, kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ìsẹ́yìn, kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ìganná, kí Òkehò má sọ pé òun kò gbọ́: ahunṣọ kan jókòó sórí àpótí, kò yọ idà, kò pariwo, kò dìde, ó sì mú ọ̀tá oníwo méjì láàyè, láìjẹ́ pé fọ́nrán kan já lórí òfì. Ajókòó-ṣẹ́gun, afòwú-fa-ọ̀tá-mọ́ra, Sùnmọ́nù ọmọ Bùráímọ̀, òun ni ó borí.

Èyí tí òbúkọ jẹ tó ìwọ̀n apá agbádá méjèèjì. Kò sí irú òwú náà mọ́.